Ọ̀gá Kò-Séwu àti Ìka Mẹ́ta Àǹtí Kíá

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o. Ẹ kà á kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

1.
Ilé búrẹ́dì kékeré kan wà, èèyàn mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sọ fún ọ̀gá tó ni ín, "Kò séwu" ni yóò fi dá yín lóhùn, ni wọ́n bá kúkú ń pè é ní Ọ̀gá Kò-Séwu. Bàbá Ààrò ló ń ṣọ́ iná. Àǹtí Kíá ló ń po fúláwà, tó ń lọ́ búrẹ́dì bí ẹni ń dirun. Ọwọ́ méjèèjì yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.

Iwájú ni ẹ̀rọ tó ń po fúláwà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ni síwíìṣì rẹ̀ wà. Bí Àǹtí Kíá bá ti ha inú ẹ̀rọ náà tán, á pariwo "Ó yá!" Bàbá Ààrò tí kò rí i á sì tẹ síwíìṣì.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ni kì í sọ "Ó yá" lójúmọ́?

2.
Ẹ̀rù ń ba Àǹtí Kíá. Ó lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ṣòfin: ẹni tó bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Kò gbà ju kéèyàn sín lọ."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń ṣòfin. Àwa mẹ́ta yìí náà? Kò séwu, jàre."

Àǹtí Kíá kọ òfin náà sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀gá ti yọ ọ́, ó ń fi fẹ́ ara.

3.
Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu! Ọ̀gá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́nu ọ̀nà. "Ó yá, ẹ máa bọ̀!" ló fi parí ọ̀rọ̀. Bàbá Ààrò gbọ́ "Ó yá" nínú ariwo iná, ó tẹ síwíìṣì. Ọwọ́ ọ̀tún Àǹtí Kíá ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Ìka mẹ́ta lọ.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀gá sọ pé "pẹ̀lẹ́" nílé ìwòsàn? Rárá o! "O tòògbé ni," ló sọ. "Ohun tí màá wí fún gbogbo ayé nìyẹn."

Àǹtí Kíá wò ó. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Bí mi ò bá gbẹ̀san lára ọkùnrin yìí, kí n má jẹ́ ọmọ bàbá mi."

4.
Nígbà tí ojú egbò jiná, ó lọ fẹjọ́ sun àwọn tó ń bójú tó ààbò ẹnu iṣẹ́. Wọ́n rán obìnrin kan wá.

"Ẹ̀rọ yìí ò léwu, mà," ni ọ̀gá wí. "Ó tòògbé ni."

Àǹtí Kíá ní, "Tí kò bá léwu, ẹ ti ọwọ́ tiyín bọ̀ ọ́. Kí Bàbá Ààrò lọ dúró nídìí síwíìṣì."

Ọ̀gá ká apá ẹ̀wù sókè. Wáyà ló kọ́kọ́ nawọ́ sí.

"Ẹ fi wáyà sílẹ̀!" Àǹtí Kíá jágbe mọ́ ọn. "Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn fà á yọ?"

Ọ̀gá fawọ́ sẹ́yìn. Kò lè ti ìka kan ṣoṣo bọ̀ ọ́. Bàbá Ààrò bá yọjú láti ẹ̀yìn ògiri, ó là á mọ́lẹ̀: "Obìnrin yìí ò tòògbé, mà. 'Ó yá' tí ọ̀gá sọ lórí fóònù ni mo gbọ́."

Wọ́n ti ilé búrẹ́dì náà pa.

5.
Ọ̀gá wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Kíá. Ẹni tó ti ń pè é ní "ìwọ" látọjọ́ wá ń pè é ní "ẹ̀yin".

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i."

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ọjọ́ tí ìka mi bá hù padà, ẹ wá rántí mi."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Inú rẹ̀ dùn, kò sì tijú pé ó dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ìkìlọ̀ rèé: ẹ̀rọ kì í béèrè iye èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́ kó tó gé ọwọ́. Ẹ fa wáyà yọ kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí òṣìṣẹ́ yín bá kìlọ̀, ẹ gbọ́. Àǹtí Kíá ṣì ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ búrẹ́dì. Kò tíì dárí ji ọ̀gá, èmi ò sì ní bá ọ̀gá bẹ̀ ẹ́.