Ìdáhùn Tó Bára Mu

Ògbólógbòó jókòó síwájú nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wọn.

"Ìbéèrè tá a bi yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn náà nìyí, sà. A kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáhùn yín ò ní yí padà, ká lè mọ̀ bóyá fọ́ọ̀mù wa ṣeé gbára lé."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Irọ́ tó pa nígbà yẹn, ó ti há a sórí bí orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́wọ́ àìsàn níbí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu mẹ́fà ló sì ń wojú Ògbólógbòó fún oúnjẹ.

Nọ́ọ̀sì ka ìbéèrè keje.

"Rárá o!" ló dáhùn kíá. "Kò sóhun tó ṣe mí níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ó bára mu látòkèdélẹ̀! Ẹ máa padà síṣẹ́, sà."

Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá mi, ṣé kò sí wàhálà?"

"Wàhálà kankan ò sí."

Ó gun àkàsọ̀ lọ sínú kréènì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń wà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ àkàsọ̀ náà láìwò.

Ó fi ẹ̀rọ náà gbé irin ńlá kan sókè.

Nísàlẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń fọwọ́ júwe ibi tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ògbólógbòó wolẹ̀. Ó nujú, ó tún wò.

Kùrukùru nìkan ló rí.

Ó dá irin dúró lófuurufú, ó yọrí jáde, ó figbe ta:

"Ọmọ ìyá mi, sá kúrò lábẹ́ irin yẹn! Oṣù mẹ́ta rèé tí ojú mi ò ríran dáadáa mọ́!"