Ohùn Bàbá Lára Ògiri

Ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri ọ́fíìsì wa máa ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ má baà sú wa. Ohùn bàbá mi ni ilé-iṣẹ́ ní kó máa fara wé fún tèmi: "Àbẹ̀jẹ́, o kú iṣẹ́. Orí mi wú." Ọkàn mi á balẹ̀. Màá wá padà sídìí iṣẹ́ mi, ìyẹn ni pé kí n máa tẹ "ó dára" sí àwòrán afárá tí ẹ̀rọ ti yà tán. Èmi tí mo lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya afárá.

Lónìí, fóònù mi dún. Bàbá gan-an ni, láti Ìgbájọ. Ohùn wọn ti há, ikọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ geere.

"Àbẹ̀jẹ́, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Ó ti tó ọdún kan tóo ti pè mí kẹ́yìn."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mò ń gbọ́ ohùn yín lójoojúmọ́ ni."

"Ohùn tèmi? Níbo?"

Kí n tó dáhùn, aago méjì lù, ògiri sì fi ohùn Bàbá tó já gaara kí mi:

"Àbẹ̀jẹ́, o kú iṣẹ́. Orí mi wú."

"Wọ́n ń kí ọ, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Dá wọn lóhùn. Màá dúró."