Òǹtẹ̀ Kì Í Fò

Ẹ ka ìtàn yìí délẹ̀, ẹ má dúró lágbedeméjì. Bí ẹ bá ní èèyàn tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ òkè òkun, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Bó bá fẹ́, kó bínú.

1.
Ní Ìjàyè, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni àwọn obìnrin tó ń yan gàrí jọ ń lò láti lọ ẹ̀gẹ́. Múyì ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, nítorí òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tù ú lójú bó bá yarí. Nígbà tí Múyì ń wá físà, àwọn obìnrin yìí kan náà ló bọ́ bàtà, tí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un ní Kérúbù. Físà dé. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì pòórá. Múyì ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n gbà á gbọ́, ẹ̀gẹ́ sì ń jẹrà nílẹ̀.

2.
Ọjọ́ ìrìn-àjò pé. Ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù Múyì pé ó ti jáde. Ó wọ ọkọ̀, ó so bẹ́líìtì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ló bá fa fóònù yọ, ó sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wọ́sáàpù àwọn obìnrin náà:

“Ẹ̀yin ìyá elégàrí, èmi ni mo ta ẹ́ńjìnnì yín, òun ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ máa fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ yín.”

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, olórí wọn, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sunkún, ó fèsì:

“Múyì, ẹsẹ̀ lásán la fi tọrọ físà fún ọ. Ẹsẹ̀ lásán náà la ó fi wá ọ kàn.”

Múyì fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

3.
Ọkọ̀ ò gbéra. Ẹ mọ ohun tó ṣe é? Ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi ti rẹ́rìn-ín tèmi.

Wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n padà wá láàárọ̀. Òṣìṣẹ́ imigíréṣọ̀n kan, Humairah, gba pásípọ́ọ̀tù Múyì, ó fagi lé òǹtẹ̀ náà. Múyì yarí pé òun ti jáde ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ò lè dá òun padà.

“Bọ̀dá,” obìnrin náà ní, “òǹtẹ̀ kì í fò. Ọkọ̀ ni í fò. Ọkọ̀ tí ò tíì gbéra, ilẹ̀ wa ló ṣì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin mọ́kànlá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ní pápákọ̀ náà, láìwọ bàtà. Wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ò lọ. Ohùn Múyì ni wọ́n gbé wá fún ọlọ́pàá, kí wọ́n lè bá wọn wádìí ìlú tó sá lọ. Àfi bí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ṣe rí i lórí ìlà pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

“Múyì, òkè òkun mà sún mọ́ tòsí o.”

Múyì na pásípọ́ọ̀tù sókè, ó ní òun ti kúrò. Ọlọ́pàá ṣí i, ó rí ibi tí wọ́n fagi lé, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀.

Ọlọ́pàá gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹni tó rà á, wọ́n dá a padà sí Ìjàyè. Físà kú nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Àwọn obìnrin náà ní kí Múyì má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà mọ́ láéláé. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ló fi ń rin ín.

Ìkìlọ̀ rèé o. Má ja ẹni tó gbàdúrà fún ọ lólè. Bó o bá sì jà á lólè, má bú u nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà lórí ilẹ̀ tí tirẹ̀ wà. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó.