Ẹ̀rí Wà Nínú Ìwé Ìrántí Tíṣà

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí Tíṣà ò bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀.

Kí ni àbúrò ṣe? Kò yọjú síbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì Tíṣà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Lónìí, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin pe àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀.

Tíṣà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fa ìwé ìrántí tó fọwọ́ kọ lójoojúmọ́ lọ́dún ayẹyẹ náà yọ nínú báàgì.

"Fóònù yín lè gbàgbé o. Ìwé tèmi kì í gbàgbé!"

Ó gbé awò wọ̀. Ó wúkọ́ bí adájọ́.

"'Ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ayé ló wá, àfi àbúrò mi. Mi ò ní gbàgbé láéláé.'"

Ojú ìwé kan ò tó Tíṣà. Ó tún ṣí ti Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lè rí bí òun ṣe ṣètò tó.

"'Ọ̀la layẹyẹ. Mo ti pe gbogbo èèyàn, ó ku àbúrò mi. Kí n kọ́kọ́ lọ aṣọ mi ná, màá pè é...'"



Ó yẹ ìsàlẹ̀ ojú ìwé wò. Kò sí nǹkan kan mọ́.

Tíṣà fa báírò pupa tó fi féèlì ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì yọ. Ó kọ òdo gbàǹgbà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ó na ìwé àti báírò sí àbúrò rẹ̀ kó fọwọ́ sí i, bí ọmọ tó féèlì ṣe ń na ìwé èsì ìdánwò sí òbí.

Àbúrò gba báírò.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti wá lọ aṣọ ọ̀hún tán?"