Alùpùpù Tí A Wọ̀n Mọ́ Ara Ẹlòmíràn

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ni aládùúgbò tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ohun tó dá yàtọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dú, ṣùgbọ́n inú ìtàn ìgbéraga ni ọpẹ́ náà ti jáde.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Jìngbìnnì. Kò jalè, kò sì purọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé nítorí ojú ayé ló ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Ohun tó bá ti dán ti tó o. Èyí tó bá gba sùúrù, àbúrò rẹ̀ ni yóò rán. Àbúrò yìí, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kì í ká láti kékeré, ló ń fẹsẹ̀ rìn gbé aṣọ kiri ilé àwọn oníbàárà.

Ẹgbẹ́ alálùpùpù ń múra ìrìn ọlọ́dọọdún. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ bá dá yàtọ̀ jù lọ ni yóò ṣáájú, Jìngbìnnì sì pinnu pé òun ni. Ó lọ bá mẹkáníìkì, ó ní kí ó ṣe ọ̀kan fún òun, pupa tí ń kọ mànà.

Mẹkáníìkì ní, “Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ẹ jókòó síbí, kí n wọn apá àti ẹsẹ̀ yín.”

“Èmi? Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wọn àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa.”

“Télọ̀! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń rán ṣòkòtò? Ẹ ó wọn àna, ẹ ó rán ti ọkọ ìyàwó?”

“Ṣòkòtò kọ́ ni alùpùpù. Ẹ ṣáà jẹ́ kó dán.”

“Ó dáa. Ẹni tó bá jókòó síbí ni mò ń ṣe é bá mu o.”

Àbúrò jókòó. Mẹkáníìkì wọn apá rẹ̀, ó wọn itan, ó wo orúnkún náà pẹ́. Ó ti ibi ìtẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ó yọ bíréèkì ẹsẹ̀ kúrò, ó gbé e sí ọwọ́ alùpùpù, sábẹ́ àtàǹpàkò ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló tó kùn ún. Nígbà tí àbúrò gùn ún jáde, mo rí omijé lójú rẹ̀. Kò sí ohun kan tó bá ara rẹ̀ mu bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó délé, ó ní, “Bùrọ̀dá, bíréèkì ẹ̀yìn ò sí lẹ́sẹ̀ o. Àtàǹpàkò òsì lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́.”

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Mo ti ń gun alùpùpù nígbà tí o ṣì ń wọ bàtà sódì.”

“Ẹ ṣáà gùn ún wò lẹ́yìnkùlé.”

“Kó lè dọ̀tí?”

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Lọ́jọ́ ìrìn, Jìngbìnnì ló ṣáájú. Èrò ń pàtẹ́wọ́, ó ń juwọ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé-ìwé, ìyá kan tó pọn ọmọ ń sọdá. Jìngbìnnì fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì. Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò rántí àtàǹpàkò rárá. Ó yí ọwọ́ alùpùpù, ó ré ìyá ọlọ́mọ kọjá, ó sì wọ gọ́tà lọ.

“Yéè! Ọwọ́ mi!”

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú, ti kán.

Ní ọsibítù, àbúrò rẹ̀ jókòó tì í. “Ẹ kú ewu, Bùrọ̀dá.”

“Ìyá yẹn ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?”

“Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ọmọ ò tiẹ̀ jí lójú oorun.”

Jìngbìnnì bú sẹ́kún. “Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o! Àbúrò mi, máa gun alùpùpù yẹn lọ. Tìẹ ni látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ni tèmi.”

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀dà ló ń sọ alùpùpù di ti ẹni, bí kò ṣe ara tí a wọ̀n kí a tó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kí ó yọjú fúnra rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó sì gbà kí ẹni tó mọṣẹ́ wo òun dáadáa. Bí a bá sì ṣubú nítorí ìgbéraga, tí ìṣubú wa kò mú ẹ̀mí ẹlòmíràn lọ, ọpẹ́ ló yẹ wá.

Ìyá ọlọ́mọ wà ní àlàáfíà, ọmọ rẹ̀ sì ti ń rìn. Mẹkáníìkì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò ń fi alùpùpù pupa gbé aṣọ kiri. Ọwọ́ Jìngbìnnì san, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò lè gé aṣọ mọ́. Bọ́tìnnì ló ń rán.