Èlú Kì Í Hù fún Gbogbo Ọwọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ẹfúnyẹlá, aláró abúlé Olókùúta, fún yín. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì lawọ́ sí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ahun ni tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Òun nìkan ló ní oko èlú lábúlé náà, ewé rẹ̀ ni gbogbo aláró ń rà láti fi pa aṣọ láró.

Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ irúgbìn èlú, yóò bù ú fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ohun tí kò ní í sọ ni pé èèpo irúgbìn náà le, kì í hù àfi bí a bá kọ́kọ́ da omi gbígbóná lé e lórí, tí a sì rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ̀yìn ilé ìdáná lòun ti máa ń ṣe tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí i. Bí wọ́n bá wá ráhùn pé èyí tí àwọn gbìn kò hù, á ní, "Ọwọ́ ni o. Èlú kì í hù fún gbogbo ọwọ́." Wọ́n á sì máa wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni ń wo ọ̀dàlẹ̀.

Kódà Mojírọ̀lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ìkòkò aró, kò mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

"Fara balẹ̀, ìyàwó mi. Ọjọ́ ń bọ̀."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, iná ọdẹ wọ oko èlú, ó jó o dé gbòǹgbò. Ìbànújẹ́ náà kò tíì tán tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlu Ẹfúnyẹlá, tó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Òjò rọ̀, Mojírọ̀lá gbin irúgbìn. Kò hù. Ó tún gbìn, pàbó ló já sí. Àwọn aládùúgbò kò ní èlú tí wọn ìbá bù fún un, ta ló jẹ́ kí tiwọn hù? Ìkòkò aró gbẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé igbá irúgbìn tó ṣẹ́kù, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Ọwọ́ mi ni kò dára."

Omijé bọ́ lójú ìyá arúgbó náà. Ó gbé ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó nà án sí igbá, ó tún nà án sí ìkòkò omi tó ń hó lórí iná. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra.

"Ẹ fẹ́ wẹ̀, Màmá?"

Ni Mojírọ̀lá bá bu omi náà, ó fi omi tútù là á, ó sì rọra fi wẹ̀ fún un. Ẹkún ni Ẹfúnyẹlá ń sun títí omi fi tán. Kò pẹ́ tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mojírọ̀lá fi ìbínú da irúgbìn náà sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tó máa ń da omi iṣu gbígbóná sí. Nígbà tó ṣe, ibẹ̀ gan-an ni èlú ti hù. Ó wo èlú, ó wo ìkòkò omi iṣu tó gbé dání, ó wá rántí ọwọ́ ìyá náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ha, Màmá mi! Ẹ sọ ọ́, mi ò gbọ́!"

Ó ń dùn mí, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí Ẹfúnyẹlá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn rò pé ohùn òun yóò dúró de òun ni. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ kan, ẹ fi kọ́ ẹlòmíì nígbà tí ẹnu yín ṣì lè sọ ọ́. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.