Páálí Tó Wà ní Kọ̀rọ̀

"Eyín mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu wáyà yìí, ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lára ẹ̀rọ yín." Atúnrédíòṣe ará Ìkirè gé ẹnu wáyà náà dànù.

"Ṣáà máa ṣe é," ni ọ̀gá ilé ìwé wí.

Múráínà, tó jáde nílé ìwé wọn ní Apòmù, ló fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ láti Kàdúná, àmọ́ wọn ò rí ojú ẹ̀ nínú páálí. Ọ̀gá wá lọ ra ojú kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Gbọ̀ngán. Ó wúwo bí ọlọ, òun ló sì ni wáyà eléyín mẹ́sàn-án náà.

"Ọmọ yín yẹn mà lawọ́ o, Àlàájì. Ó fún yín lágbò, ó gé orí ẹ̀ mú." Atúnrédíòṣe rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá.

"Ahun ni. Ṣùgbọ́n ó rántí èmi."

Atúnrédíòṣe fi òjé lẹ wáyà náà mọ́ ẹnu tuntun, ó tú u, ó tún un lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́tà yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n dagun bí ọ̀mùtí. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ká aṣọ kúrò lórí páálí kejì tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Tèmi tí Múráínà fi ránṣẹ́ rèé. Tẹlifíṣọ̀n ni, wo àwòrán ẹ̀. Ó di ọjọ́ Iléyá kí n tó ṣí i."

Atúnrédíòṣe ka ara páálí náà. Ó ka ara kọ̀ǹpútà. Orúkọ kan náà ni, kò sì rí "tẹlifíṣọ̀n" kà lára páálí. Ó wo ẹnu wáyà tó gé sílẹ̀, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

"Àlàájì, ṣé orí àgbò lẹ fẹ́ dá jẹ lọ́jọ́ Iléyá?"